Ṣóńṣó Ọ̀bẹ Bàbá Mi

Kí àkùkọ tó kọ nílé wa, òkúta ìpọ́nbẹ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìró rẹ̀ kò le, kò sì yára. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí ń mí lójú oorun. Bàbá mi á dákẹ́ díẹ̀ láti da omi sórí òkúta náà, ìró á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lórí ẹní, mo mọ̀ pé ilé wà ní àlàáfíà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni àwọn awó ìyá àgbà á máa ké lórí òrùlé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì á sì dún láti ẹ̀yìn òkè, lójú ọ̀nà Atakpamé. Mo ti darúgbó báyìí, mo ti gbé inú ilé bíríkì tí ẹ̀rọ ń kùn nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n kò sí ìró kan tó rọ́pò ti òkúta yẹn fún mi. Ọdún kan wà tó dákẹ́. Ọdún náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀bẹ tí bàbá mi ń pọ́n, ọ̀bẹ oko ni. Kò gùn tó àdá, èyí tí àwa níbí ń pè ní kupukupu bí àwọn Faransé ti pè é, kò sì kéré bí ọ̀bẹ ilé ìdáná. Alágbẹ̀dẹ kan ní Elavagnon ló fi irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ rọ ọ́ fún un nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Igi òrí ni èèkù rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni àkọ̀ rẹ̀. Òun ló fi ń gé okùn, òun ló fi ń gé koríko ìbolé, òun ló fi ń bó ọ̀yà láwọ, òun náà ló fi ń gé iṣu tuntun kúrò lára orí rẹ̀ nínú ebè. Ó mọ iṣẹ́ púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ohun tó bá mọ iṣẹ́ púpọ̀, àwọn ènìyàn á rò pé ó mọ gbogbo iṣẹ́. Bí bàbá mi bá ti oko dé, kò ní jẹun, kò ní mu omi, àfi bó bá kọ́kọ́ fọ ọ̀bẹ náà, tó nù ún gbẹ, tó fi òrí díẹ̀ pa á lára, tó sì fi í kọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Bí ìyá mi bá fẹ́ lò ó, kò ní nà án sí i lọ́wọ́. Á gbé e lélẹ̀, ìyá mi á sì fúnra rẹ̀ mú un nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nínú ilé wa: a kì í na ọ̀bẹ sí ènìyàn lọ́wọ́, kí ìjà má baà gba orí irin kọjá láàárín ẹni méjì. "Ẹ fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí," ni ìyá àgbà máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ́ Àfí. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, Àmá ni wọ́n ń pè mí. Ọwọ́ Àfí ni gbogbo ilé ń sọ. Ní agbègbè wa, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wa iṣu lára ebè kan náà. Ní ti àkọ́kọ́, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, a kì í tú ebè náà ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ó ṣí, a ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, a ó fi ìka wá ibi tí iṣu dúró sí, a ó wá fi ọ̀bẹ gé e lọ́rùn, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, a ó sì da erùpẹ̀ bò ó padà, kó lè ta èbù fún ọdún tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ ẹni bá wúwo, gbòǹgbò á já, ebè á kú. Ọwọ́ Àfí kò wúwo. Á kúnlẹ̀, á ti apá bọ inú ebè títí dé igunpá, á di ojú rẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín. "Ó tó itan ewúrẹ́," ni yóò wí, bí a bá sì fà á jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá àgbà ní ọwọ́ tó ní ojú ni. Ọwọ́ yìí kan náà ló fi ń rán aṣọ wa tó bá ya, tí o kò ní mọ ibi tó ti ya mọ́. Ìbátan ìyá mi kan, aránṣọ ní Notsé, rí ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ó yí i sí òde, ó yí i sí inú, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun tí a bá ti wa iṣu tuntun tán. Láti ọjọ́ náà, Àfí kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. À ń gún iyán, ó ń sọ Notsé. À ń pọn omi, ó ń sọ Notsé. Ó ti ra aṣọ aláró kékeré kan sílẹ̀, ó ní ohun tí òun máa kọ́kọ́ rán nìyẹn, tèmi sì ni.

"Báwo ni kí n ṣe ọrùn rẹ̀," ó bi mí, "kó rí róbótó àbí kó ní igun?"

"Ṣé o ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ rí?"

"Mo ti yọjú wò ó lójú fèrèsé."

"Tí o bá yọjú wo ọkọ̀, ṣé o ti mọ ọkọ̀ wà nìyẹn?"

"Róbótó ni màá ṣe é," ni ó wí. "Orí rẹ tóbi. Kó lè ráyè kọjá."

Àbúrò bàbá mi, Yáò, ni àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré. Kò tíì gbéyàwó nígbà náà, ilé wa ló ń gbé. Ènìyàn tí ẹ̀rín máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé ni. Ó ń gbé mi sí èjìká lọ sódò, ó ń fi katikíìsì ìjọ wa ṣeré, bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, títí ìyá àgbà fi ń fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ohun gbogbo ni yóò fi í ṣe. Mo ti rí i tó fi ṣí agolo sàdíìnì, tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìṣó, tó fi ṣóńṣó rẹ̀ yọ òkúta nídìí bàtà. Nígbà tí eékún bàbá mi wú lọ́dún yẹn, tí kò lè rìn dé oko mọ́, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó fi ọ̀bẹ náà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bàbá mi gbé ọ̀bẹ náà kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Yáò, ọ̀bẹ yìí ń gé nǹkan. Kì í ṣe nǹkan mìíràn."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"O kò tíì gbọ́. Kì í walẹ̀. Igi tí a fi ń walẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Kì í hú òkúta. Kì í ṣí agolo, mo sì mọ ẹni tó fi ṣí i. Má jù ú mọ́ igi, má ki ṣóńṣó rẹ̀ bọlẹ̀ kí o wá máa fì í. Irin máa ń gbọ́ràn lójú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, adití ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀bẹ ni àbí ìyàwó?"

"Bí o bá ṣẹ ìyàwó, á lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, wọn á bá yín parí ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni o fẹ́ kí ọ̀bẹ lọ?"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí ló kẹ́yìn. Bó bá kán, ohun tó kán kúrò lára rẹ̀, wá a títí o fi rí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, dúró tì í di àárọ̀. Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ ènìyàn, a mọ ibi tó wà. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un." Nígbà náà ló tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò; láti ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré ló ń pọ́n ọn láràárọ̀.

Títí di òní, n kò lè rí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ṣe ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí n dákẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ọ̀bẹ lásán ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀bẹ lásán ni. Ó wo ojú mi, ó gbé e sílẹ̀, kò sì béèrè ìdí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń bẹ̀rù láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa, bóyá nítorí pé a máa ń pẹ́ kí a tó dáhùn.

Òjò ọdún yẹn kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ló fi wá sílẹ̀. Ebè le bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ewé iṣu ká jọ, ìyá àgbà á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún. Àsìkò náà ni Bàbá Kékeré ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Moretan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Míísà, bàbá ọmọbìnrin náà àti ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin wá, láti wo ilé tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀. Ìyá mi se ọbẹ̀ àdémè, ìyẹn ewédú tiwa, a gún iyán, a gbé àga tó dára jáde. Kí wọ́n tó jẹun tán, Bàbá Kékeré wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó gbé iṣu tuntun kan jáde tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó gbé e síwájú àwọn àlejò. Ẹnu ya gbogbo wa, nítorí a kò tíì fọwọ́ kan ebè kankan lọ́dún yẹn.

"Iṣu tuntun, nínú ọ̀dá yìí?" ni bàbá ọmọbìnrin náà wí. "Ebi kò ní pa ọmọ mi níbí."

"Ebi ò mọ̀nà ilé wa," ni Bàbá Kékeré dáhùn. "Ó wá lẹ́ẹ̀kan, ajá lé e."

Àwọn àlejò mú àkùkọ kan wá, wọ́n fi ìtàkùn dè é lẹ́sẹ̀ pinpin. Bàbá mi, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àpótí, ní kí n sọ ọ̀bẹ kalẹ̀ lára ògiri. Mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú un. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àkọ̀, ó fẹ́ gé ìtàkùn náà, ó wá dúró. Ó gbé ọ̀bẹ náà sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń wọn ẹran.

"Ọ̀bẹ yìí kúrú," ó wí.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ tí ẹ ti pọ́n láràárọ̀ láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi, ṣé ẹ fẹ́ kó tún gùn sí i ni? Òkúta yín ló jẹ ẹ́." Obìnrin àlejò náà fi ọwọ́ gbá itan, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni ṣóńṣó rẹ̀ wà?" ni bàbá mi tún bi í.

Kó tó dáhùn, ìyá àgbà, tó bí àwọn méjèèjì, wúkọ́ díẹ̀. Kò gbé ojú sókè nínú àwo rẹ̀. "Àlejò wà nílẹ̀," ó wí fún bàbá mi jẹ́jẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, a kì í bá ọkùnrin wí níwájú àna rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ba ilé jẹ́. Bàbá mi gé ìtàkùn náà, àkùkọ fò sókè, ẹ̀rín tún sọ. Ó ní kí n fi ọ̀bẹ náà kọ́ padà. N kò rí i kó fi òrí pa á. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré sin àwọn àna rẹ̀ lọ sí Moretan, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti dùn, ìyá mi ti ń wá irú aṣọ tí òun máa wọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tún gbé ọ̀rọ̀ irin kékeré kan sáàárín ayọ̀ náà.

Òjò padà wá. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi tutù, àkókò wíwa iṣu sì tó. Bàbá mi kò sí nílé lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ọjà ti gbé e lọ sí Atakpamé láàárọ̀, kí dókítà lè wo eékún rẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá mi, Àfí àti èmi wà ní apá kan oko, Bàbá Kékeré wà ní ìdàkejì. Inú Àfí dùn jù, nítorí tí iṣu bá ti parí, Notsé ló kù. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí onígi kan.

"Tí mo bá lọ," ó bi mí, "ta ni á máa yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ?"

"Màá máa rìn pẹ̀lú ẹ̀gún náà títí wàá fi dé."

"Wàá tiro dé Notsé nìyẹn."

A dé ebè tó wà lábẹ́ igi òrí. Àfí kúnlẹ̀, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti apá bọ̀ ọ́, ó di ojú. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ dání, mò ń dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kò dé. Ó la ojú rẹ̀, ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí nǹkan kan lójú oorun: "Màmá, nǹkan bù mí jẹ."

Nígbà tó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti là láti ìdí àtàǹpàkò lọ sí ìdí ìka kékeré, erùpẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé. Ìyá àgbà pariwo ejò. Ìyá mi gbá igi mú, ó ń lu ebè náà. Bàbá Kékeré sáré wá pẹ̀lú ọkọ́, ó ń bi wá pé ibo ló gbà, ibo ló gbà, ó wá rí ebè tí a dúró tì. Ó dúró gbọn-in. Ìyá àgbà ti tú okùn tí a fi ń di iṣu, ó fi so apá Àfí nísàlẹ̀ igunpá, ó fi igi kékeré lọ́ ọ pọ̀, nítorí òun ni gbogbo àdúgbò ń wá bá bí ejò bá bu ènìyàn ṣán.

"Ìyá Àgbà, ó le jù," ni Àfí wí.

"Kó le. Kó má baà gòkè dé ọkàn rẹ."

Bàbá Kékeré la ẹnu. Mo rí i. Ó ní, "Ìyá..."

"Dákẹ́, kí o gbé ọmọ."

Ó gbé e pọ̀n, ó sì sáré pẹ̀lú rẹ̀ láti oko dé ilé láìsinmi, tí àwa kò lè bá a.

Ìyá àgbà lọ ewé, ó fi di ọgbẹ́ náà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú okùn kí oòrùn tó wọ̀; bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ọ̀sán yẹn gùn. A tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ ibi tí ọ̀bẹ náà máa ń kọ́ sí. Bàbá Kékeré ti fi í kọ́ síbẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn àká, kò wọlé. Àfí kò sunkún. Ó pè mí mọ́ra.

"Àmá, di ìka mi mú. Ṣé o ti dì í mú?"

"Mo ti dì í mú."

"N kò mọ̀ ọ́n," ó wí.

Oòrùn ti pọ́n nígbà tí ọkọ̀ ọjà sọ bàbá mi kalẹ̀. Ó tiro wọlé, ó gbọ́ ohun tí a sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. "Ta ló rí ejò náà?" ó béèrè. Kò sí ẹni tó rí i. Ó bu omi, ó ṣan ewé náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó wo ọgbẹ́ náà láti òpin dé òpin. Ó ní, "Ejò kì í gé ènìyàn." Ó gbé ojú sókè wo ọ̀bẹ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ àbúrò rẹ̀, kò pariwo, bí ẹni tí ń pè é wá jẹun. Bàbá Kékeré wọlé, ó dúró.

"Yáò. Níbo ni ṣóńṣó rẹ̀ wà?"

Lọ́jọ́ náà, kò sí àlejò nílẹ̀. Bàbá Kékeré dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ ọ́. Ó fẹ́ gbé iṣu tuntun síwájú àwọn àna rẹ̀. Ebè abẹ́ igi òrí ló kọ́kọ́ lọ bá, ilẹ̀ le, ó ki ọ̀bẹ náà bọ̀ ọ́, ó fì í. Nígbà tó kán, ó da ebè náà bò, ó lọ wa ti etí odò, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní Elavagnon ló bá a gbẹ́ ṣóńṣó mìíràn sí èyí tó kù.

"Mo wá a, Ẹ̀gbọ́n. Ojú ọjọ́ ṣú. Mo ní màá padà lọ."

"Láti àárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Mo fẹ́ sọ. Mo wá ní, bó bá jẹ́ ejò lóòótọ́ ńkọ́? Mò ń gbàdúrà kó jẹ́ ejò."

Bàbá mi mú ọ̀bẹ náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi gé okùn náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Wọ́n gbé Àfí lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ọgbẹ́ náà tètè san. Dókítà ní bó bá jẹ́ irin nìkan ni, bóyá ìka kan tàbí méjì ni ì bá má gbọ́ràn mọ́. Okùn ló pa ìyókù. Àwọn ìka náà ká wọnú, wọ́n sì gan síbẹ̀. Wọn kò là mọ́. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò so nǹkan kan mọ́. Á di etí gèlè rẹ̀ mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á dúró bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, títí ìyá mi á fi wá bá a so ó.

Bàbá Kékeré lọ sí ebè náà ní ìdájí, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Àfí lọ. Kò mú ọkọ́ dání. Ọwọ́ ló fi tú u, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, ó ń fi ìka fọ́ ògúlùtu kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí i. Kò tóbi ju èékánná àgbàlagbà lọ. Nígbà tí bàbá mi ti Atakpamé dé, ó gbé e lélẹ̀ níwájú rẹ̀. A rò pé bàbá mi máa lù ú. Ó kàn ń wo irin kékeré yẹn nílẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí àna rẹ wà níbí, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni mo pa mọ́." Kò tún bá a sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé wọn. Ọ̀rọ̀ Moretan tú láìsí ẹni tó tú u. Kí ọyẹ́ tó dé, Bàbá Kékeré ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Nàìjíríà, sí oko kòkó. Ó ń fi ìkíni ránṣẹ́ nípasẹ̀ wọn, kò sì wálé.

Òkúta ìpọ́nbẹ gbẹ. Adìẹ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ Notsé dúró dè wá, ó tún dúró, ó wá gba ọmọ ẹlòmíràn. Àfí tú àpótí rẹ̀. Ó fún mi ní aṣọ aláró náà, n kò sì gbé e fún aránṣọ kankan. Ó wà lọ́dọ̀ mi, kò ní ọrùn, kò ní apá. Ohun tó dùn mí jù lọ́dún yẹn, oúnjẹ ni. Inú àwo kan náà ni gbogbo àwa ọmọ ti ń jẹun, ọwọ́ òsì kì í sì í wọ inú àwo. Àfí kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó lọ kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, èmi náà bu tèmi, mo lọ jókòó tì í, mo sì fi ọwọ́ òsì jẹun. Ìyá mi rí mi. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò bá mi wí.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí bàbá mi tó kú, lórí ibùsùn rẹ̀, ní ìrọ̀rùn. Bàbá Kékeré wálé fún òkú náà, irun rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rín kò ṣíwájú rẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ló ń pín ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fi sílẹ̀. Ó pín ọkọ́, ó pín aṣọ, ó pín àga. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì wo ojú Àfí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ fún ìyá mi kó tó kú: "Ọ̀bẹ mi, ti Àfí ni." Bàbá Kékeré sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri níkẹyìn. Ó nù ún, ó fi òrí pa á, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá gba àárín àgbàlá kọjá lọ bá Àfí níbi tó jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e lélẹ̀ níwájú rẹ̀, bí a ti ń ṣe.

"Ẹ má gbé e lélẹ̀, Bàbá Kékeré," ni Àfí wí.

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lábẹ́ ìborùn, níbi tó máa ń fi í pamọ́ sí, ó sì nà án. Àwọn ìka náà ká síbẹ̀ bó ṣe wà láti ìgbà èwe wa. Bàbá Kékeré yí èèkù rẹ̀ sí i. Ó ti èèkù ọ̀bẹ náà bọ àárín àwọn ìka àti àtẹ́lẹwọ́, èèkù náà sì wọ̀ ọ́, ó dúró pinpin, bí ẹni pé ìwọ̀n èèkù yẹn ni ọwọ́ náà ti ń dì mú láti ọdún wọ̀nyí. Àfí gbé e sókè. Ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó láti ìdí dé òpin.

"Òótọ́ ni Bàbá sọ," ó wí. "Ó kúrú."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.